Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ Inú Àjà

Ọjọ́ tí a tú òrùlé ilé bàbá wa ní Àràmọkọ,
irin kan já bọ́ láti inú àjà,
ó balẹ̀ bí ẹni tó ti ń retí ọjọ́ náà.
Kàfíńtà gbé e wò, ó ní, "Ìdè ẹṣin ni."
Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú.
"Ẹṣin wo ni ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré tó èyí?"

Ó jókòó lórí pákó, ó ń fi èékánná ha ìpẹtà,
ó sì sọ ohun tí ìyá tirẹ̀ sọ fún un:

Ọdún tí iṣu ta gan-an ni.
Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ajẹlẹ̀ wọ oko Fámúrewá,
wọn ò tọrọ, wọn ò dúpẹ́.
Wọ́n wa iṣu tán, iṣu kò tó wọn.
Ẹfúnbọ̀wálé ọmọ rẹ̀ ń ti odò bọ̀.
Ìkòkò fọ́ lójú ọ̀nà.
Omi gbẹ, ọmọ lọ, àpáàdì kù,
ó wà níbẹ̀ títí òjò ọdún kejì,
ẹni tó bá ń lọ sódò a sì yà fún un
bí ẹni ń yà fún ọba.

Ìlú péjọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín,
ìlú kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀.
Àwọn ọ̀dọ́ ní, "Ó tó! A ò bí wa lẹ́rú."
Ọ̀dọ̀fin fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin tí kò sí níbẹ̀.
"Ẹ rọra. Ètù wọn pọ̀ ju iṣu wa lọ."
Gbogbo wọn ló mọ ohun tí kò sọ:
ogójì ènìyàn tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló ń kọ ebè fún un,
ọwọ́ àwọn tí à ń pè lọ́tàá ló sì ti rà wọ́n.

Fámúrewá ní, "Bàbá, ọmọ mi ńkọ́?"
Ọ̀dọ̀fin ní, "N ó bá ọ rà á padà."
"Kí lẹ wí?"
"Mo ní n ó rà á."
Ibẹ̀ ni ìlú ti là sí méjì.
Kì í ṣe ìbọn ló kọ́kọ́ dún,
ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni.
Láti ọjọ́ náà, ọmọ ìyá ò bá ọmọ ìyá jẹ iyán mọ́,
àna ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Ọkùnrin kan ló ń bu ẹmu fún wọn níjókòó náà.
Àjòjì ni wọ́n ń pè é,
ta ló mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́?
Ó gbé akèrègbè kalẹ̀.
"Ẹ̀yin bàbá, bí ẹ bá ṣẹ́gun,
tí ọmọ Fámúrewá padà wálé,
èmi ńkọ́? Ilé ta ni n ó padà sí?"

Ẹnì kan wúkọ́.
Ẹnì kan ní, "Ẹ fún un níbọn."
Ìbọn ni wọ́n fún un. Wọn ò fún un lésì.

Ó bá wọn gun òkè lọ, síbi tí àgbá ti ń ké
títí ọmọ ọwọ́ fi di ẹni ń gbé ètù.
Ẹfúnbọ̀wálé kò padà.
Àjòjì padà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan,
ó kọ́lé sẹ́yìn àgbàlá Ọ̀dọ̀fin,
torí ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn,
ẹsẹ̀ kan ò sì lè rin ọ̀nà náà.

Mo bi í pé, "Màmá, ta ló ni irin yìí?
Ẹni tó fi dènìyàn, àbí ẹni tí wọ́n fi dè?
Èwo nínú wọn ni bàbá wa?"

Ó wo páànù àtijọ́ tí wọ́n kó jọ sílẹ̀.
"Ọ̀dọ̀fin bí ọmọbìnrin kan," ló wí.
"Ògiri àárín wọn kò ga."

Kàfíńtà ní ṣé kí òun jù ú nù.
A ò dá a lóhùn. Ó kan páànù tirẹ̀, ó gbowó, ó lọ.
Irin náà wà lábẹ́ ibùsùn mi báyìí.
Bí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀,
tí ìgbálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀,
mo máa ń yà fún un.